Sterndrive ọkọ̀ ojú omi tí omi ń wọ inú ọ́ìlì rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọlọ́kọ̀ Gwarinpa

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 19 ni gígùn rẹ̀. MerCruiser 3.0 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Alpha One Gen II sì ni sterndrive tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ gíà tí ó wà níta ní ìdí ọkọ̀, tí ó ń yí pròpélà. Orí tírélà tí a fi ń fà á ni ó máa ń wà nínú ọgbà ilé mi ní Gwarinpa, àfi ìgbà tí a bá wọ́ ọ lọ sí adágún Jabi tàbí tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá gbé e lọ sí Shiroro. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tú súkúrù ìsàlẹ̀ gíà láti pààrọ̀ ọ́ìlì, ohun tí ó sì jáde kì í ṣe ọ́ìlì tí mo mọ̀. Ó ti funfun, ó ki, ó dà bí omi ọ̀gì. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí a wà lórí omi kẹ́yìn, mo gbọ́ ìró kan tí ó ń kùn lẹ́yìn nígbàkígbà tí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún pátápátá, tí yóò sì dákẹ́ bí mo bá ti tọ́ ọ padà.

Àwọn mẹkáníìkì sterndrive tí mo mọ̀, ìlú Èkó ni gbogbo wọn wà, owó tí wọ́n sì ń dá lé mi kí wọ́n tó wọ mọ́tò wá sí Àbújá kò ṣeé gbọ́ sétí. Mo ní irinṣẹ́ mọ́tò lọ́wọ́, mo sì ní sùúrù. Ṣé ohun tí ènìyàn lè tún ṣe nínú ọgbà ilé ni èyí, tàbí kí n kàn da ọ́ìlì tuntun sí i kí n máa lò ó títí ọdún yóò fi parí?

Mẹkáníìkì Lọ́kọ́jà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì da ọ́ìlì kankan sí i. Ọ́ìlì tí ó funfun bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó sọ fún yín, pé omi ti bá a pò. Ibi tí omi náà gbà wọlé ni iṣẹ́ yín, nítorí bí ẹ bá rọ ọ́ìlì tuntun láìtíì rí ibẹ̀, omi yóò tún wọlé, bẹ́árìn àti eyín gíà tí ó wà nínú yóò sì máa dípẹtà nígbà tí ọkọ̀ bá jókòó nínú ọgbà, ẹ kò sì ní gbọ́ ìró kankan títí nǹkan yóò fi já lójú omi.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó jáde náà dáadáa. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀ mọ́jú. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè wálẹ̀ sí ìdí ìgò, ṣùgbọ́n bí gíà bá ti pò ó pọ̀ jù, ó lè má pínyà rárá. Òòfà wà lórí súkúrù ìsàlẹ̀ tí ẹ tú. Ẹrẹ̀ dúdú fẹ́lẹ́ tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe àìsàn, nítorí eyín gíà a máa jẹ díẹ̀díẹ̀; ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka méjì ra á, tí ẹ sì rí i pé èérún irin ń gún yín lọ́wọ́, gíà náà ti ń fọ́ nìyẹn, kí ẹ má ṣe náwó sórí síìlì, róbà tí ń dí omi mọ́ ìta tí ó sì ń dí ọ́ìlì mọ́ inú, nìkan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú pròpélà kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń rí ìdí ọ̀rọ̀, pàápàá lára ọkọ̀ tí ó ń gba ibi tí àwọn apẹja dẹ àwọ̀n sí kọjá. Okùn ọ̀rá ìpẹja a máa wé mọ́ ṣáàfù lẹ́yìn pròpélà, pròpélà a sì máa yí i wọnú títí okùn náà yóò fi gé ètè síìlì. Láti ìta, ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Bí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ wo wáṣà súkúrù méjèèjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, nítorí ẹni tí ó tú wọn kẹ́yìn lè ti dá ògbólógbòó padà sí i. Lẹ́yìn náà ni ó tó kan síìlì ọ̀pá tí ń yí gíà, ìdí pọ́ǹpù omi, róbà roboto tí ó wà láàárín apá òkè ẹsẹ̀ náà àti apá ìsàlẹ̀, àti síìlì ṣáàfù tí ó ti ara ẹ́ńjìnnì wá.

Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì náà ro tán, kí ẹ dí ihò òkè, kí ẹ sì ní kí fọkanáísà tàbí ẹni tí ń jó irin bá yín so ẹnu kan tí ó bá ihò ìsàlẹ̀ mu mọ́ pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tí ó ní géèjì. Bí ọkọ̀ yín bá ní ìgò ọ́ìlì gíà nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ tó ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ yóò máa gba ojú ìgò jáde. Ẹ fẹ́ ẹ tó 10 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ lórí géèjì), kí ẹ má sì ṣe kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, nítorí agbára tí ó bá pọ̀ jù lè ti síìlì tí kò ní àbùkù kúrò ní àyè rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí ṣáàfù pròpélà, kí ẹ sì ti ọ̀pá gíà síwájú àti sẹ́yìn, torí síìlì mìíràn wà tí kì í jò àyàfi bí ohun tí ó dì mú bá ń yí. Bí géèjì bá ń rẹlẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ kun gbogbo ibi tí mo dárúkọ. Ibi tí ó bá ń hó ni kí ẹ tú.

Ní ti ìró tí ń kùn yẹn, mo ní ohun tí mo rò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn àgbà tí ó wà ní New Bussa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ọmọ Jẹ́bà

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, ẹ̀yin àgbà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń lò lórí Odò Ọya. Bí ó bá bàjẹ́, a ó tú u, a ó gbé e lé èjìká, ó di ilé. Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀, tí yóò gbé gíà sí ìta, tí yóò sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò sí ìdí ọkọ̀?

Bàbá Kaínjì

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kò ní ìbínú nínú. Ọdún 1959 ni Volvo Penta gbé irú rẹ̀ jáde fún ọjà, Aquamatic ni wọ́n pè é, Mercury sì gbé MerCruiser tirẹ̀ jáde láìpẹ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ènìyàn yóò ṣe lo ẹ́ńjìnnì ńlá bíi ti mọ́tò nínú ọkọ̀, kí ó sì tún lè gbé ẹsẹ̀ sókè bí omi kò bá jìn, kí ó sì fi ẹsẹ̀ kan náà darí ọkọ̀. Wọ́n rí i ṣe, ihò tí o ń ṣàríwísí yẹn sì ni owó tí a ń san fún un.

Ẹ̀gbọ́n tí ó béèrè ọ̀rọ̀, ihò yẹn ni kí ẹ ronú sí. Ó wà nísàlẹ̀ ibi tí omi dé. Ṣáàfù tí ó ní krọ́ọ̀sì méjì, oríkèé tí ń jẹ́ kí ó lè tẹ̀, ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sínú ẹsẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ó sì ń dá omi dúró kí ó má bàa bá ṣáàfù náà wọlé ni róbà kíká kan tí a ń pè ní bẹ́lò, irú èyí tí ó máa ń bo ṣáàfù iwájú mọ́tò. Bí mọ́tò bá fa tirẹ̀ ya, gíríìsì ni yóò tú jáde. Bí bẹ́lò ọkọ̀ ojú omi bá ya ní èbúté lóru, tí pọ́ǹpù inú ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́, ẹ lè bá ọkọ̀ nísàlẹ̀ omi ní àárọ̀.

Ìró tí ń kùn nígbà tí ọkọ̀ bá yí, tí ó ń dákẹ́ nígbà tí ó bá tọ́, bẹ́árìn gimbal ni ó sábà máa ń jẹ́. Inú ihò náà ni ó wà, lẹ́yìn bẹ́lò, òun ni ó di orí ṣáàfù mú kí ó tó wọ ara ẹ́ńjìnnì. Kì í dédé kú. Omi ni ó máa ń pa á, omi náà sì ti ibi tí bẹ́lò ti sán wọlé. Nítorí náà, bí ẹ ti ń wá omi inú ọ́ìlì, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí omi mìíràn tún wà níbòmíràn tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ́ìlì gíà. Àrùn méjì ni, ẹ má fi oògùn ọ̀kan wo ìkejì.

Ẹ kò lè mọ̀ láìtú ẹsẹ̀ náà kúrò. Iṣẹ́ ọgbà ilé ni, ó sì rọrùn ju bí ojú ti rí i lọ. Ti Alpha ni kí ẹ fi gíà sí iwájú kí ẹ tó fà á, bí ẹ bá gbàgbé, ọ̀pá gíà yóò há yín lọ́wọ́. Ti Bravo, irú ẹsẹ̀ MerCruiser mìíràn, ni a ń fi sí àárín. Ẹ tú ọ̀pá méjèèjì tí ń gbé ẹsẹ̀ sókè kúrò lẹ́yìn, kí ẹ fi ṣéènì bílọ́ọ̀kù tàbí igi tí ó dúró dáadáa gbá a mú, nítorí ó lé ní kílò 40, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tù mẹ́fà tí ó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ fà á sẹ́yìn gbọọrọ, kí ẹ má yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá fẹ́ jáde, ẹ má fi òòlù lù ú. Aluminíọ́mù ni, yóò sán.

Nígbà tí ó bá ti jáde, ẹ ti ìka bọ inú bẹ́lò. Bí ìka yín bá gbẹ, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá tutù, tàbí tí ó pọ́n nítorí ìpẹtà, ọ̀ràn ti dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan náà sínú bẹ́árìn gimbal, kí ẹ yí i. Èyí tí ó dára kì í sọ̀rọ̀, kò sì ní ha yín. Èyí tí omi ti wọ̀ yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ìka bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ tún mi krọ́ọ̀sì méjèèjì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò yẹ kí wọ́n há níbì kankan, kò sì yẹ kí wọ́n mì. Ẹ ká bẹ́lò níbi gbogbo tí ó ti ṣẹ́ po, kí ẹ sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ìká náà, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń sán, kì í ṣe ní ẹ̀yìn tí gbogbo ènìyàn ń wò. Èmi kì í dúró kí ó ya. Oòrùn ìhà àríwá yìí kì í jẹ́ kí róbà pẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí bẹ́lò rẹ̀ sì ti ń le, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń fò ni títò ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá irin gígùn kan wà tí a ń ti bọ inú bẹ́árìn gimbal títí yóò fi wọ eyín tí ó wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì. Ìka méjì ni kí ó fi wọlé. Bí ẹ bá ní láti fi agbára tì í, iwájú ẹ́ńjìnnì ti ga jù tàbí kí ó ti rẹlẹ̀ jù, ẹ ó sì fi nọ́ọ̀tù ìjókòó rẹ̀ gbé e tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá dá ẹsẹ̀ padà láìṣe èyí yóò jẹ eyín náà tán, iṣẹ́ yẹn sì ń béèrè pé kí a yọ odindi ẹ́ńjìnnì jáde. Bí ẹ kò bá rí ọ̀pá náà rà, ẹ ní kí àwọn oníṣẹ́ irin ní Panteka, ní Kaduna, gbẹ́ ẹ fún yín lórí máṣíìnì. Ẹ kàn fún wọn ní ìwọ̀n ṣáàfù tí ẹ fà jáde, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí ó tọ́ gan-an.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ Jabi

Mo kí gbogbo yín. Ẹ ti sọ̀rọ̀ gíà àti bẹ́árìn dáadáa, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹsẹ̀ yóò ti wà nílẹ̀, ẹ má dá a padà láìwo impélà, ìyẹn róbà tí ó ní apá púpọ̀, tí ń yí nínú pọ́ǹpù omi láti fa omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Lára Alpha, inú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ni pọ́ǹpù omi wà, ó sì rọrùn láti dé nísinsìnyí ju ìgbà mìíràn lọ. Ti Bravo ní tirẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì ni ó wà.

Róbà ni impélà, omi tí ó ń fà gan-an ni ó sì ń jẹ́ kí ó máa yọ̀. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì láìsí omi, kíákíá ni yóò jóná. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń dún nínú ọgbà ni wọ́n máa ń fi pa á. Ìdí nìyí tí a fi ń lo etí róbà méjì tí a ń fi bo ojú ihò omi lára ẹsẹ̀, tí a sì so mọ́ họ́ọ̀sì. Omi ni kí ó kọ́kọ́ ṣí, ẹ́ńjìnnì ni kí ó kọ́kọ́ kú. Ní Àbújá, omi láti inú jíípíì táǹkì tí ó bá wà lókè ilé sábà máa ń tó bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ sókè nílé, torí pé ohun tí pọ́ǹpù ń fà yóò ju ohun tí họ́ọ̀sì lè fún un lọ. Ẹ máa wo géèjì ooru. Ẹ tún yọ pròpélà kúrò, kí ọmọdé má bàa wà nítòsí ohun tí ń yí.

Nígbà tí ẹ bá yọ impélà, ẹ ka iye apá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti já, ó wà níbì kan nínú ojú ọ̀nà omi, ẹ wá a rí, nítorí yóò dí ọ̀nà náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi tuntun sí i, ẹ ó sì máa bá impélà tuntun jà láìṣẹ̀. Bí gbogbo apá rẹ̀ bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọn kò sì padà mọ́, ó ti gbó. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Jabi, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni ọ̀tá wa. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ooru a sì gòkè lójijì. Mo ti kọ́ àwọn awakọ̀ mi pé kí wọ́n dín eré kù, kí wọ́n fi rìfáàsì díẹ̀, ọ̀rá náà a sì bọ́. Bí kò bá bọ́, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n fi ọwọ́ yọ ọ́.

Ọmọ Jẹ́bà

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Lórí Odò Ọya, iyanrìn ni tiwa. Láti oṣù kẹjọ títí dé bíi oṣù kẹwàá, nígbà tí omi òjò ilẹ̀ Haúsá bá ti ya wọlé, odò a máa funfun fún ẹrẹ̀, a ń pè é ní omi funfun, ó sì ń ha inú ilé pọ́ǹpù gidigidi. Omi dúdú tí ó ń ti ìhà Guinea wá, tí ó ń dé nígbà ọyẹ́, mọ́ jù ú lọ nítorí ó ti sọ ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó bá lo ọkọ̀ ní àkókò omi funfun, kí ó ṣí pọ́ǹpù rẹ̀ wò lẹ́yìn náà, kì í ṣe impélà nìkan, kí ó fi èékánná ra ara àwo irin tí impélà ń yí lórí rẹ̀. Bí èékánná bá ń kọ́ nínú ojú ìlà, impélà tuntun kò ní fa omi dáadáa.

Onípáàtì Apo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi owó ṣòfò lórí nǹkan tí wọ́n kọ "marine" sí lára. Ẹ́ńjìnnì 3.0 yẹn, General Motors ni ó ṣe é, a ní ohun tí ó bá a mu ní Apo mechanic village: plọ́ọ̀gì, fílítà, bẹ́líìtì, kíkì sítátà, alternator, kábúrétọ̀, títí kan tokunbọ̀. Ìdá mẹ́ta owó ni ẹ ó san.

Mẹkáníìkì Lọ́kọ́jà

Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbà. Ara ẹ́ńjìnnì náà ti mọ́tò ni lóòótọ́, fílítà ọ́ìlì àti bẹ́líìtì tí ó bá ìwọ̀n mu kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n má ta kíkì sítátà mọ́tò, tàbí alternator, tàbí kábúrétọ̀, tàbí pọ́ǹpù epo mọ́tò fún ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú àpótí ọkọ̀ ojú omi.

Mọ́tò a máa ń rìn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, bí epo bẹntiróòlù bá jò, afẹ́fẹ́ a gbé òórùn rẹ̀ lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi kò ní ìdí tí ó ṣí. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, yóò sì jókòó sí ìsàlẹ̀ yàrá ẹ́ńjìnnì. Ti mọ́tò kò bìkítà bí iná bá ta nínú kíkì sítátà. Ti ọkọ̀ ojú omi ni a ti dí pa kí iná tí ó bá ta nínú rẹ̀ má ṣe lè kan oru epo tí ó wà ní ìta, a sì ṣe kábúrétọ̀ rẹ̀ kí epo tí ó bá kún má ṣe dà síta sínú yàrá. Ẹni tí ó bá lo ti mọ́tò ti gbé bọ́m̀bù sábẹ́ ìjókòó ara rẹ̀. Àwọn ìdérí ihò omi lára ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, bàbà ni ti ọkọ̀ ojú omi sábà máa ń jẹ́, ti mọ́tò jẹ́ irin lásán, yóò sì jẹ tán.

Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kọ̀, ṣé fáànù tí ń fẹ́ yàrá ẹ́ńjìnnì yín ṣì ń ṣiṣẹ́? Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kí ẹ tan án fún kí ẹ tó kíkì, ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì fi imú gbọ́ òórùn inú yàrá náà fúnra yín kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, nítorí fáànù kì í sọ fún ni pé epo ń jò.

Onípáàtì Apo

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun. N ó ya wọn sọ́tọ̀ lára ọjà mi.

Ọlọ́kọ̀ Gwarinpa

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin àbúrò, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tú u. Ohun tí ẹ sọ ni mo bá. Okùn ọ̀rá ìpẹja tí ó dúdú tí ó sì ti yọ́ mọ́ra wé ṣáàfù lẹ́yìn pròpélà, ó sì ti gé ètè síìlì ìta bí ẹni fi abẹ gé e. Omi ọṣẹ kò hó níbòmíràn. Òòfà náà kò ní èérún irin. Bẹ́lò kò tíì ya, ṣùgbọ́n ó ti sán láàárín ìká kejì, omi díẹ̀ tí ó pọ́n sì dúró nínú rẹ̀. Bẹ́árìn gimbal ń ha lábẹ́ ìka. Mo ti fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹsẹ̀ náà ránṣẹ́ láti ra síìlì méjì, bẹ́lò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́árìn àti impélà. Mo ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo ni a ti ń lẹ bẹ́lò, báwo ni a ti ń dá ọ́ìlì padà, kí sì ni mo lè ṣe sí àwọn irin funfun tí a dè mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ti hu èépá?

Bàbá Kaínjì

Ẹ fọ ojú irin tí bẹ́lò yóò jókòó lé títí yóò fi mọ́, kí ìyókù gọ́ọ̀mù àtijọ́ má ṣe sí níbẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù bẹ́lò kùn ún bí ìwé ilé iṣẹ́ bá ti wí, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀, kí ẹ tó ti bẹ́lò wọlé. Kílíìpù irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, ẹ sì dojú súkúrù rẹ̀ kọ ibi tí sípánà yóò ti lè dé e lọ́jọ́ mìíràn. Bẹ́árìn tuntun ni kí ẹ gbá wọlé lọ́gbọọgba, kí ihò gíríìsì ara rẹ̀ sì bá ti ara ilé rẹ̀ mu. Bí kò bá bá a mu, gíríìsì tí ẹ bá ń fún un kò ní dé inú. Ẹ fi gíríìsì kún eyín ṣáàfù àti krọ́ọ̀sì kí ẹ tó dá ẹsẹ̀ padà.

Ní ti irin funfun wọ̀nyẹn, ànóòdù ni orúkọ wọn. A fi wọ́n síbẹ̀ kí omi máa jẹ wọ́n dípò kí ó jẹ ẹsẹ̀ yín. Ó jọ pé omi iyọ̀ ni ọkọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ rí, tí a sì fi zinc sí i. Nínú omi aládùn bíi ti Jabi, Shiroro àti Kaínjì, zinc a máa hu èépá yẹn, kò sì ní dáàbò bo ohunkóhun mọ́. Magnesium ni ti omi aládùn. Ẹ má kun ọ̀dà sí i lára, ẹ jẹ́ kí irin kan irin níbi tí ẹ dè é mọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti jẹ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀sà ní Èkó, ẹ yọ magnesium kúrò, torí pé omi iyọ̀ yóò jẹ ẹ́ tán kíákíá.

Mẹkáníìkì Lọ́kọ́jà

Ọ́ìlì gíà: ti ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ rà, nítorí a ṣe é kí ó lè fara da omi díẹ̀, ti mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń fi pọ́ǹpù ọwọ́ tì í gòkè, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ihò òkè jáde. Bí ọ́ìlì tí kò ní ìfóòfó mọ́ bá ti ń ṣàn lókè, ẹ dí òkè ná, lẹ́yìn náà ni ẹ ó yọ pọ́ǹpù kí ẹ sì yára dí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú wáṣà tuntun méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìgò nínú, ẹ bù ú kún un dé ojú ìlà, kí ẹ sì máa wò ó. Bí ó bá ń dín kù, ó ń jò síta, bí ó bá ń ga sí i, omi ni ó ń wọlé. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ lórí omi, ẹ tú súkúrù ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún tàbí ní wákàtí 100, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ Jabi

Kí ẹ má sì tẹ̀lé àwọn fídíò Amẹ́ríkà tí ó ní kí ẹ da oògùn òtútù sínú ẹ́ńjìnnì kí ọyẹ́ tó dé. Omi kì í dì sínú ẹ́ńjìnnì ní Àbújá. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún wa ni eruku, oòrùn àti róbà gbígbẹ. Ẹ bo ọkọ̀ náà, ẹ fa epo inú kábúrétọ̀ tán bí yóò bá jókòó pẹ́, ẹ tú orí bátìrì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ó tọ́. Ẹsẹ̀ tí ó bá wà lókè ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ ń fa bẹ́lò, yóò sì ká sí ibi tí ó há yẹn. Orí títì nìkan ni kí ẹ gbé e sókè, nígbà tí ẹ bá ń fà á lọ sódò.

Mẹkáníìkì Lọ́kọ́jà

Ohun tí ó kù: ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e padà sí Jabi, ẹ rí i dájú pé ẹ ti dí ihò ìdí ọkọ̀ tí a fi ń ro omi jáde, kí ẹ tì í wọ omi, ṣùgbọ́n kí ẹ má tú okùn tírélà. Kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó ṣí yàrá ẹ́ńjìnnì, kí ó máa wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, níbi tí ihò ṣáàfù wà. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ṣì gbẹ, ẹ tan fáànù, kí ẹ kíkì, kí ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀, kí ó sì tún wò. Bí omi bá ń yọ, kódà bí ó kéré, ẹ fà á padà sórí tírélà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kílíìpù bẹ́lò ni kí ẹ kọ́kọ́ tún fún.